Ìjókòó Onídùúró

Adérójú fi ọ̀bẹ la asẹ́ ọ́ìlì sí méjì, ó tẹ́ inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun, ó sì rí ohun tí kò fẹ́ rí. Irin ni. Kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì tí mẹkáníìkì lè mójú kúrò lára rẹ̀. Ó kún inú asẹ́ náà wínníwínní, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Ó fi ìka méjì ra ọ́ìlì gbígbóná náà, ó ń ha á lọ́wọ́ bí iyanrìn. Irin kan ń jẹ irin kejì nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ó sì ti jẹ ẹ́ jìnnà.

Ó gbójú sókè wo Etí. Àpótí kékeré tí wọ́n dè mọ́ imú bàálù náà ti tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ti tan iná aláwọ̀ ewé: ó dára, ó lè fò. Etí kì í purọ́, ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n kò lójú. Ẹni tí àrùn ń jẹ nínú lè máa kọrin fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó wó lulẹ̀.

"Adérójú! Kí ló tún kù?"

Ọ̀gá Oyèníran ni, olórí pápá bàálù Òkè-Àpáta, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rìn, sísá ló máa ń sá kiri. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì. Adérójú ká aṣọ náà mọ́ irin inú rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kò tíì bá ọkàn rẹ̀ sọ ọ́.

"Ọ́ìlì ni mò ń yẹ̀ wò, sà."

"Etí ní ó dáa."

"Mo rí i, sà."

"Ọgọ́ta páálí dírípù ti wọlé. Mákindé ti jókòó sídìí ọkọ̀. Ìwọ nìkan là ń dúró dè." Ọ̀gá Oyèníran sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n pe rédíò láti Orí-Omi láàárọ̀ yìí. Onígbáméjì pa ènìyàn mọ́kànlá lánàá. Nọ́ọ̀sì méjì wà lára àwọn tó dùbúlẹ̀. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mosúnmọ́lá wà níbẹ̀."

Adérójú di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú.

"Ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Ní àárọ̀ yìí, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní omi ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Mosúnmọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Adérójú bí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, orí kunkun bí ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní Orí-Omi, ìlú tí àwọn tí òkun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn fi pákó àti ike so pọ̀ sójú omi. Omi tí wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń ṣu sí, omi kan náà ni. Adérójú sọ fún un pé kó má lọ. Ọmọ náà ní, "Màmá, ta ni yóò wá lọ?" Ó sì lọ.

Ọkọ̀ ojú omi yóò lo ọjọ́ márùn-ún kó tó dé ọ̀hún. Bàálù kejì tí ìlú ní ti lọ sí àríwá, ó di ọ̀túnla kó tó dé. Láti tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni, bí irin tí wọn yóò fi rọ́pò bá tilẹ̀ wà, kò sì sí. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí nìkan ló lè dé Orí-Omi lónìí, ìṣẹ́jú àádọ́ta péré. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, orí oko ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú níbẹ̀, páílọ́ọ̀tì tó mọṣẹ́ á tẹ imú bàálù sílẹ̀, á jẹ́ kó máa yọ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, á wá ibi títẹ́jú kan, á sì bà lé e. Márùndínlógójì tó kù, orí igbó tó ti rì sómi ni, orí igi ló yọ síta káàkiri. Kò sí ibi àbàlé kankan níbẹ̀.

Nígbà tí Adérójú wà lọ́mọdé, àwọn bàálù kan ṣì wà tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì méjì. Ìjọba Òkè, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ tí omi kò tíì bò, tú gbogbo wọn palẹ̀ nígbà tí ọ̀nà mọ́tò wọ omi tán, wọ́n fi ọ̀kan ṣe méjì kí ìlú púpọ̀ lè rí nǹkan gùn. Ó mọ́gbọ́n dání lójú àwọn tó ṣòfin. Àwọn kọ́ ni wọ́n ń gùn ún.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, sà," ó ní.

"Mẹ́ta," ni Ọ̀gá Oyèníran wí, ó sì sá jáde.

Ó ku Adérójú nìkan pẹ̀lú ògiri. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ̀lú ọ̀dà pupa, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó orí ènìyàn: MẸKÁNÍÌKÌ TÓ BÁ TẸ ÀTÀǸPÀKÒ SÍ IRỌ́, ÒUN NI YÓÒ MÁA JÓKÒÓ NÍNÚ GBOGBO BÀÁLÙ PÁPÁ YÌÍ TÍTÍ ỌJỌ́ IKÚ RẸ̀. Ó ti ń rí i láti ogún ọdún. Òní ló kọ́kọ́ kà á.

Ṣé kó sọ ohun tó rí? Bàálù kò ní gbéra, Mosúnmọ́lá á gbẹ sórí ẹní kó tó di ọ̀la. Ṣé kó dákẹ́? Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ irin lè fò fún wákàtí mẹ́wàá. Ó sì lè kú lókè igbó. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó rò ó síbí, ó rò ó sọ́hùn-ún, ibi yòówù kó rò ó dé, ojú ọmọ rẹ̀ ló ń rí.

Ẹnì kan ló kù tó yẹ kó rí, tí kò sì rí. Ó jókòó síta lábẹ́ apá bàálù, lórí àpótí, ó wọ bùbá funfun tó ti lọ̀ fúnra rẹ̀, ó dé fìlà aláwọ̀ búlúù, ó ń dúró de aṣọ.

Bàbá Akínfẹ́nwá ni, bàbá Adérójú lójú òfin. Kì í ṣe òun ló bí i.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni Adérójú mú oyin àti iyọ̀ lọ sí àgọ́ àwọn tí omi lé kúrò nílé. Ọkọ rẹ̀ tó máa ń jókòó fún un ti kú lọ́dún yẹn, ibà ló pa á, kì í ṣe bàálù. Mosúnmọ́lá ló kù nínú ìwé ẹbí, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òfin kò gbà kí mẹkáníìkì jókòó fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, méjì péré ni wọ́n ṣẹ́kù lórí òkè, ìlú ò sì lè pàdánù wọn. Ẹbí rẹ̀ ni òfin fẹ́ kó jókòó nínú bàálù tó bá yẹ̀ wò, kí mẹkáníìkì má baà purọ́. Ṣùgbọ́n òfin gbà pé ènìyàn lè mú ẹni tí kò ní ẹnì kankan, kó fi oyin àti iyọ̀ sọ ọ́ di ẹbí níwájú akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ṣe rí. Gbogbo àgọ́ ló sì mọ ohun tí wọ́n ń wá.

"Bàbá, ṣé ẹ lẹ́nì kankan?" ó bi ọkùnrin arúgbó kan tó ń tún bàtà ṣe.

"Omi ti kó wọn lọ."

"Ṣé ẹ lè jẹ́ bàbá mi?"

Ọkùnrin náà wo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. "Nínú ilé ni, àbí nínú bàálù?"

Ìtìjú mú Adérójú, ó ká èékánná náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin náà kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ jọ, ó dìde. "Ó dáa," ó ní. "Ṣé oúnjẹ gbígbóná wà ńbẹ̀?"

Oúnjẹ gbígbóná wà ńbẹ̀. Fún ọdún mọ́kànlá, ó jẹ ẹ́ níbi tábìlì kan náà pẹ̀lú wọn, ó kọ́ Mosúnmọ́lá ní ìwé kíkà, ó dúró tì í tọ̀sán-tòru nígbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀, ó sì jókòó sínú bàálù ní ìgbà tó lé ní irínwó. Kò fẹnu kan ìdí tí wọ́n fi mú un wálé rí. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó máa gòkè: ó ní kí Adérójú fi ohun tó wà nínú asẹ́ han òun kí òun tó wọlé. Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà àwọn méjèèjì. Adérójú á tẹ́ aṣọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ wò ó, Bàbá." Bàbá á wò ó, á ní, "Ó mọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìgbà méjì ni aṣọ kò mọ́ láàárín ọdún mọ́kànlá, ìgbà méjèèjì ni bàálù kò gbéra.

Àwọn aṣọ tí wọ́n ti lò wà lórí okùn nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Adérójú fa ti ọjọ́ Ajé yọ. Àbàwọ́n ọ́ìlì wà lára rẹ̀, kò sí irin. Ó gbé e dání jáde sínú oòrùn.

"Ẹ wò ó, Bàbá."

Bàbá Akínfẹ́nwá gba aṣọ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ ọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ti máa ń pẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ Adérójú mú, ó sì dá a dúró nínú tirẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ gbóná o."

"Iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Mosún ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti dùbúlẹ̀."

"Mo gbọ́. Oyèníran kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀." Ó wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ká a ní mẹ́rin, ó dá a padà fún un. "Ó mọ́," ó ní.

Kò rẹ́rìn-ín. Adérójú náà kò rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá sọ fún un nígbà náà pé kó la ẹnu rẹ̀ kó sọ òtítọ́, bóyá ì bá sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́ bó ti máa ń ṣe, torí òrùlé bàálù náà kéré, kì í jẹ́ kí àgbàlagbà dé fìlà. Adérójú ló máa ń tọ́jú rẹ̀ títí á fi dé.

Ó gun àkàsọ̀, ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn Mákindé, ìjókòó onídùúró, ó sì fi àtàǹpàkò lé bàbà pẹlẹbẹ tó wà lára apá ìjókòó náà. Bàbà náà gún un, ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ohùn obìnrin kan tí kò sí níbì kankan sọ pé: "Akínfẹ́nwá, bàbá Adérójú. A gbà á." Adérójú bọ́ síwájú, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ bàbà tó wà nímú bàálù. "Adérójú, mẹkáníìkì. A gbà á." Abẹ̀bẹ̀ iwájú yí, ó ta, ó di òjìji. Mákindé juwọ́ sí i, òun náà juwọ́ padà. Ọmọkùnrin dáadáa ni Mákindé, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Adérójú kò rántí ìyàwó náà títí bàálù fi kúrò nílẹ̀.

Nínú yàrá rédíò, aago ńlá kan wà lára ògiri. Adérójú jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí itan. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Mákindé ní àwọn ti kọjá oko tó kẹ́yìn. Ó di ogún. Ó di ọgbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pẹ̀lú ọkàn, àdúrà olè tó fẹ́ kí ilẹ̀ má mọ́. Ó di ogójì, ó sì mí kanlẹ̀.

"Òkè-Àpáta," ni Mákindé wí, "agbára ọ́ìlì ń lọ sílẹ̀."

Ọ̀gá Oyèníran gba ẹ̀rọ. "Tún un sọ."

"Ọ́ìlì ń lọ sílẹ̀, ooru ń gòkè. Ẹ́ńjìnnì ń kàn gbà-gbà-gbà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ."

Wọ́n gbọ́ ọ. Adérójú gbọ́ ọ nínú eyín rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló kù fún ọ?"

"Mẹ́jọ. Mo ti ń rí èéfín Orí-Omi. Mo lè..." Ìró kan dún bí ìgbà tí igi dá. Lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan. "Ó ti kú," ni Mákindé wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọdé. "Abẹ̀bẹ̀ dúró. Ilẹ̀ gbígbẹ kan wà lẹ́yìn wa, mo rí i nígbà tí a ń kọjá, mo fẹ́ yí padà."

Nígbà náà ni ohùn mìíràn wọ inú rédíò, ohùn àgbà, kò yára.

"Má yí padà, ọmọ mi. Bí o bá yí, yóò kọ orí sílẹ̀. Tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀. Iwájú ni kó o máa wò."

Gbogbo páílọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ìbẹ̀rù sì máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ẹni tó bá yí bàálù tó ti kú padà, afẹ́fẹ́ á bọ́ lábẹ́ apá rẹ̀, bàálù á sì fi orí sọlẹ̀. Bàbá ti gbọ́ ọ nígbà irínwó láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Mo gbọ́ yín, Bàbá," ni Mákindé wí. Lẹ́yìn náà, rédíò dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta ni bàálù kejì dé láti àríwá, tó sì ti yà ní Orí-Omi gbé Mákindé wálé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, ìròyìn ti ń dé díẹ̀díẹ̀: ọlọ́kọ̀ ojú omi méjì láti Orí-Omi wa ọkọ̀ lọ bá wọn láàárín igi, páálí dírípù mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n rí kó, Mosúnmọ́lá ti gba dírípù mẹ́rin, ó ti la ojú, ó ti mu omi ẹ̀kọ. Wọn ò rí òkú Bàbá Akínfẹ́nwá. Àwọn aládùúgbò kún ilé Adérójú, wọ́n ń kí i kú ọ̀fọ̀ bàbá. Ó ń jẹ́ "ẹ ṣeun," fìlà búlúù náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ọ̀gá Oyèníran pè é sí ọ́fíìsì. Mákindé wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́rùn, ojú rẹ̀ wú. Ìwé méjì wà lórí tábìlì.

"Jókòó, ìyá Mosún," ni Ọ̀gá Oyèníran wí jẹ́jẹ́. "Ìwé àkọ́kọ́ yìí ni ìwé ìdáláre. Wọ́n fi ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́, wọn ò tilẹ̀ pè ọ́ lẹ́jọ́. Gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́: 'Níwọ̀n ìgbà tí bàbá mẹkáníìkì náà wà nínú bàálù tó já, kò sí ẹ̀sùn. Kò sí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi bàbá rẹ̀ fún ikú.' Tẹ àtàǹpàkò síbí."

Adérójú kò tẹ̀ ẹ́.

"Ìkejì," ni Ọ̀gá Oyèníran wí, kò sì gbójú sókè mọ́. "Mosúnmọ́lá nìkan ló kù nínú ìwé ẹbí rẹ. Bàálù kejì gbọ́dọ̀ kó dírípù lọ lọ́la. Mo ti bá ọ béèrè ní àgọ́. Orúkọ mẹ́ta rèé. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tó ń hun agbọ̀n, kò lẹ́nì kankan, ara rẹ̀ ṣì le. Mo ti ní kí wọ́n wá oyin sílẹ̀. Látúndé ẹlẹgbẹ́ rẹ lè tẹ àtàǹpàkò lọ́la, ìyàwó rẹ̀ á jókòó, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀..."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Mákindé wí. "Ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi ná."

Ó yíjú sí Adérójú.

"Ìyá Mosún, apá òsì kọ́ igi, a yí, omi sì wọlé. Mo jáde sórí apá tó kù. Bàbá wà nínú, omi ti dé àyà rẹ̀, ó ń ti páálí sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jáde.' Ó ní òun ń bọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, 'Èyí tí Mosún máa gbà lè wà nínú èyí tó kù.' Páálí mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tí omi dé ọrùn rẹ̀, ó rán mi níṣẹ́ sí yín. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà, kò yé mi. Ó ní, 'Sọ fún ọmọ mi pé aṣọ yẹn tutù. Mo mọ̀ kí n tó gòkè.' Ó tún ní, 'Sọ fún un kó má wá bàbá mìíràn.'"

Omi bọ́ lójú Adérójú, ó sì jẹ́ kó máa bọ́. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ́ńjìnnì jáde máa ń gbóná bí iṣu inú ìkòkò. Ti ọjọ́ Ajé ti wà lórí okùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ti gba aṣọ gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́ nígbà irínwó, aṣọ tútù ni wọ́n fi tàn án jẹ, ó sì mọ̀, ó sì gòkè. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí ojú ti Adérójú níwájú àwọn ènìyàn.

Ó ki ọwọ́ bọ inú fìlà búlúù tó gbé dání. Ó ti kó aṣọ tó ká irin mọ́ láti àpò rẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó fa aṣọ funfun yọ, ó di ọwọ́ Ọ̀gá Oyèníran mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì tẹ́ aṣọ náà sí i.

"Ẹ wò ó, sà."

Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, irin náà sì ń dán wínníwínní. Ọ̀gá Oyèníran wò ó, ó yára pa ọwọ́ dé.

"Tì í bọ àpò rẹ," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin méjì péré la ní, Adérójú. Bí mo bá rí i, Látúndé nìkan ló kù."

"Ẹ ti rí i, sà."

"Èmi náà ti rí i," ni Mákindé wí. Ó ti dìde. Ó wo aṣọ, ó wo Adérójú. "Èmi náà wà nínú bàálù yẹn. Ọmọ mi kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ẹ sì juwọ́ sí mi."

"Mo mọ̀, Mákindé."

"Ẹ juwọ́ sí mi!"

"Mi ò ní ohun tí mo lè sọ fún ọ. Bí o bá fẹ́ gbá mi, gbá mi."

Kò gbá a. Ó jókòó padà, ó fi ọwọ́ kan tó kù bo ojú, ó ń sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lulẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó sunkún tán. Ọ̀gá Oyèníran ṣí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ aṣọ náà sórí ìwé ìdáláre, ọ́ìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ inú ìwé.

"O mọ ohun tó wà lára ògiri," ó ní.

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

Adérójú mú ìwé kejì, èyí tí orúkọ ìyá tó ń hun agbọ̀n wà nínú rẹ̀, ó ya á sí méjì, ó tún ya á sí mẹ́rin, ó kó o jọ síwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Bàálù ọ̀la," ó ní, "aago mélòó ló ń gbéra?"

"Aago méje."

"Ẹ sọ fún ìyàwó Látúndé kó jókòó sílé rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ti di tèmi."

Ó gbé fìlà búlúù náà dé orí, ó sì jáde sínú oòrùn lọ wá Látúndé, kó bá a yẹ asẹ́ ọ́ìlì wò.